Ẹ Má Jẹun, Ẹ Máa Jẹun: Lórí Lẹ́tà Ìránnilétí Àwọn Ilé Ìwòsàn Ìlú Wa

Ẹ̀yin ìjòyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ọmọ ìlú Ẹdẹ, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti pẹ́ tí ó ń dùn wá, tí ẹlòmíràn lè pè ní ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n tí àwa kò lè pè bẹ́ẹ̀, nítorí pé ara ènìyàn ni ó kàn. Ọ̀rọ̀ náà ni ti lẹ́tà ìránnilétí tí àwọn kan nínú àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n ń tọ́jú, láti sọ fún wọn pé ọjọ́ tí a dá fún wọn láti padà wá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Orí ìméèlì ni wọ́n ń gbà fi í ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ni ó ń kọ ọ́, kọ̀ǹpútà náà ni ó ń fi í ránṣẹ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

A kò bá ìméèlì jà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ìwé yìí kí ó sì wí pé àwọn tí ń gbèjà àṣà ilẹ̀ wa tún ti dé, wọ́n fẹ́ kí a padà sí ayé àtùpà elépo. Lẹ́tà ìránnilétí jẹ́ ohun rere, ó sì yẹ kí gbogbo ilé ìwòsàn tí ó bá lè ṣe é máa ṣe é. Ohun tí a bá jà ni pé a gba irinṣẹ́ tí ó lè sọ èdè wa ní pípé, a sì fi ọwọ́ ara wa dí i lẹ́nu. A wá ń fi í bá àwọn ìyá wa sọ̀rọ̀ ní èdè tí wọn kò gbọ́, tàbí, èyí tí ó burú jù, ní èdè Yorùbá tí a ti gé ní etí àti ní imú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí lẹ́tà náà wà fún. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun ènìyàn. Ẹni tí ó ní i a máa jí ní òwúrọ̀, a máa lọ sí ọjà, a máa bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré, kò sì ní mọ̀ pé ohun kan ń ṣe òun títí di ọjọ́ tí apá àti ẹsẹ̀ kan bá kọ̀ láti gbéra. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń sọ pé kí ó padà wá, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le. Bákan náà ni ti àtọ̀gbẹ. Ní ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ìlànà abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Nàìjíríà dá ọjọ́ tí a bí ọmọ, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9 àti oṣù 15. Ìyá wo, tí ó ń tajà tí ó sì ń tọ́ ọmọ mẹ́ta, ni kò ní gbàgbé ọ̀kan nínú rẹ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé sì dámọ̀ràn ní ọdún 2016 pé kí aboyún rí àwọn olùtọ́jú rẹ̀ ní ìgbà 8, ó kéré tán, kí ó tó bímọ. Gbogbo èyí jẹ́ ọjọ́ tí ènìyàn ní láti rántí, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì le kì í rántí ilé ìwòsàn.

Pé ìránnilétí ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 2013 àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ Cochrane, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó ìwádìí àwọn oníṣègùn jọ kí wọ́n sì gbé e lé orí ìwọ̀n, gbé àbọ̀ kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí a kò rán létí rárá, bí 68 ni ó wá ní ọjọ́ àdéhùn. Nínú àwọn tí a fi àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù rán létí, bí 79 ni ó wá. Nínú àwọn tí a fi ohùn pè, bí 80. Ẹ kíyè sí i pé ènìyàn mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀rọ̀ díẹ̀ mú kúrò ní ilé. Ẹni tí ó bá ti rí bí rọpárọsẹ̀ ti ń sọ baálé ilé di ẹni tí a ń fún ní oúnjẹ lẹ́nu yóò mọ̀ pé mọ́kànlá kì í ṣe iye kékeré.

Ǹjẹ́ báwo ni lẹ́tà tí à ń wí yìí ti rí? A ti rí díẹ̀ nínú wọn, a kò sì ní dárúkọ ilé ìwòsàn kankan, nítorí pé àṣà ni à ń bá wí, kì í ṣe ènìyàn. Ó pe ìyá àgbà ẹni àádọ́rin ọdún ní orúkọ rẹ̀ gan-an, láìsí Màmá, láìsí Alhaja, láìsí Ìyá ẹnikẹ́ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni ẹ̀rọ ń mú. Ìjòyè kan tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún rí lẹ́tà gbà tí ó pè é bí ẹni pe ọmọ ọ̀dọ̀. Lẹ́yìn èyí, ó sọ fún un pé kí ó wá ní 04/05. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ní Amẹ́ríkà a máa kọ oṣù ṣáájú ọjọ́, nítorí náà ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ni wọ́n ń wí. Àwa ní ìhín a máa kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù, a sì kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún. Oṣù kan gbáko! Ní ìparí, ó sọ pé kí a má fèsì sí lẹ́tà náà, nítorí kò sí ẹni tí yóò kà á.

Àwọn baba wa ní, bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ yìí, iṣẹ́ ọmọ ni a fi rán an, ó sì fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé ẹni tí ó bá ní ìméèlì, ó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ná. Ìdáhùn yìí ni a ń gbọ́ jù, ó sì dà bí ẹni pé ó mú ọgbọ́n dání, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ta ni ó ní ìméèlì tí a kọ sí inú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìyá arúgbó kan ní Ẹdẹ? Ti ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ náà wà ní Èkó, tàbí ní Ìbàdàn, tàbí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tàbí ní Houston. Lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ẹnu iṣẹ́. Ó ní láti kà á, kí ó yí i sí Yorùbá ní ọkàn rẹ̀, kí ó pe ilé, kí ó sì sọ ohun tí ó yé e. Bí a bá ti fi Yorùbá kọ ọ́, ohun tí ó kù fún un ni kí ó tẹ bọ́tìnì kan kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí fóònù ẹni tí ó wà nítòsí ìyá rẹ̀, tí yóò kà á sí i létí ní pípé bí dókítà ti wí. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ọwọ́ akọ̀wé dé ọwọ́ ẹ̀rọ, tí ó ti ọwọ́ ẹ̀rọ dé ọwọ́ ọmọ, tí ó sì ti ẹnu ọmọ dé etí ìyá, kò yẹ kí ó tún yí èdè padà lójú ọ̀nà.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé àti ti ọ́fíìsì. Ẹni tí ó lè fi í kọ ìwé sí ìjọba lè má mọ ohun tí dókítà ń wí nígbà tí ó bá fi í sọ ọ̀rọ̀ ara. Ìtìjú kò sì ní jẹ́ kí ó béèrè.

Kí a má ṣe rò pé ohun tí a ń béèrè kò tíì sí ní ibòmíràn ní Áfíríkà. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìjọba dá ètò MomConnect sílẹ̀ ní ọdún 2014 láti máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí orí fóònù àwọn aboyún àti àwọn ìyá ọlọ́mọ titun. Èdè 11 ni ìjọba ilẹ̀ náà fọwọ́ sí nígbà náà. A sì fi gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá kọ ọ̀rọ̀ náà, kí obìnrin Súlù lè ka ti Súlù, kí obìnrin Xhosa sì lè ka ti Xhosa. Ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, àwọn oníṣègùn kan ṣe ìdánwò kan tí a tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní ọdún 2010. Àwọn ènìyàn 538 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn kòkòrò HIV ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí apá kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní èdè Swahili: "Mambo?" Èyí ni pé, báwo ni nǹkan? Ẹni tí a kí yóò dáhùn pé "Sawa", àlàáfíà ni, tàbí "Shida", ìṣòro wà. Bí ó bá sọ pé ìṣòro wà, nọ́ọ̀sì yóò pè é. Nínú àwọn tí a ń kí bẹ́ẹ̀, 62 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sọ pé àwọn ń lo oògùn wọn bí ó ti yẹ. Nínú àwọn tí a kò kí, 50.

Ìkíni! Ìkíni lásán ni, ó sì tún mú kí ènìyàn lo oògùn rẹ̀. Àwa Yorùbá ha ni ó yẹ kí a máa kọ́ ní ìkíni bí? Àwa tí a ní ìkíni fún ẹni tí ó jókòó àti fún ẹni tí ó dìde, fún ẹni tí ó ń dirun àti fún ẹni tí ó ń gbọ̀nà oko bọ̀, àwa náà ni a wá ń fi lẹ́tà tí kò ní ìkíni nínú ránṣẹ́ sí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù. A gbọ́ pé àwọn kan nínú àwọn olùtọ́jú wa ti gbìyànjú láti fi Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ ìránnilétí wọn, a sì yìn wọ́n fún èrò náà. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí wọ́n kọ kò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì ìsàlẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá yóò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ gbọ́ ná.

Ẹni tí a fẹ́ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní òwúrọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń fẹ́ kí inú rẹ̀ ṣófo. Bí ó bá ti jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ, iye tí ẹ̀rọ yóò ka kì í ṣe iye tí dókítà ń wá. Nítorí náà akọ̀wé ilé ìwòsàn kọ ọ́ báyìí: "E ma jeun ki e to wa." Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ sọ fún wa, kí ni ó wí? "Ẹ má jẹun kí ẹ tó wá" ni, tàbí "Ẹ máa jẹun kí ẹ tó wá"? Àìmọye ènìyàn ni ó ń kọ *má* àti *máa* bákan náà lórí fóònù lójoojúmọ́, tí ó ń kọ *ma* fún méjèèjì. Lẹ́tà kan náà pàṣẹ ààwẹ̀, ó sì pàṣẹ oúnjẹ àárọ̀. Ìyá tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí ó gbọ́n, tí ó sì mọ̀ pé dókítà a máa sọ pé kí òun má fi ebi pa ara òun, yóò jẹun yó kí ó tó wọ ọkọ̀. Bí dókítà bá béèrè, a ó dá a padà sí ilé pé kí ó wá ní ọjọ́ mìíràn. Owó ọkọ̀ ti lọ, ọjọ́ ọjà ti lọ. Bí kò bá sì béèrè, ó lè fi iye tí kò tọ̀nà yí oògùn rẹ̀ padà. A kò mọ èwo nínú méjèèjì ni ó burú jù.

Ẹ tún gbọ́ èkejì. "E mu ito yin wa." *Ìtọ̀* ni ohun tí a ń tọ̀, *itọ́* ni ohun tí ó wà ní ẹnu. Ilé àyẹ̀wò a máa béèrè fún méjèèjì, olúkúlùkù fún iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà tí ó gbé ìgò itọ́ ẹnu dé iwájú ọmọdébìnrin tí ó ń gba ìtọ̀, tí gbogbo ìjókòó fi rẹ́rìn-ín, kò ní padà sí ibẹ̀ mọ́. "Lo oogun naa ni igba meji" ńkọ́? Ẹni tí ó bá mọ̀ pé *ìgbà* ni ó wí yóò lò ó ní ẹ̀ẹ̀mejì. A dúpẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò rò pé *igba* méjì ni, èyí tí í ṣe irinwó. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìlera ìlú dúró lórí ohun tí a dúpẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò rò. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúwàbí, òtítọ́ ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé kí a máa kọ àbọ̀ lẹ́tà sí i.

Àwọn tí ó ń yọ àmì kúrò ní àwáwí kan tí ó ní ìdí, kí a sì sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Lórí àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù, àmì wa ń gba owó. Àwọn ará Yúróòpù tí ó ṣètò àtẹ̀jíṣẹ́ kó álífábẹ́ẹ̀tì kan sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi àwọn lẹ́tà inú álífábẹ́ẹ̀tì náà nìkan kọ̀wé ní àyè 160 nínú ọ̀rọ̀ kan. *À*, *è*, *é*, *ì*, *ò* àti *ù* wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn ará Ítálì àti Faransé ń lò wọ́n. *Ẹ*, *ọ* àti *ṣ* kò sí níbẹ̀. *Á*, *í*, *ó* àti *ú* kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí bá wọ inú ọ̀rọ̀ náà, gbogbo ọ̀rọ̀ ní láti gba ọ̀nà mìíràn, àyè 160 sì di 70. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi owó ọ̀rọ̀ kan sọ, Yorùbá yóò fi owó méjì tàbí mẹ́ta sọ ọ́. Owó ibodè ni, tí a ń gbà lọ́wọ́ èdè wa ní ẹnu ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn ń gbà kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ìwòsàn kékeré tí ó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn yóò ro owó náà, a kò sì lè dá a lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ìméèlì kò ní oníbodè! Òun ni a ń sọ láti òwúrọ̀. Ìméèlì ń gba *ẹ̀*, ó ń gba *ṣ*, ó ń gba *ọ́*, kò sì bu kọ́bọ̀ kan lé e. Ojú ewé kan ni, ojú ewé mẹ́wàá ni, bákan náà ni. Ènìyàn tilẹ̀ lè gba ohùn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí ó fi í sínú lẹ́tà náà, kí ẹni tí kò mọ̀wé kà tẹ̀ ẹ́ kí ó sì gbọ́; WhatsApp, tí àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n lò fún ohùn dáadáa, ń ṣe bákan náà. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa lónìí ní pátákó ìtẹ̀wé tí ó ní àmì Yorùbá, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ kò ní san owó. Nígbà náà, kí ni a ó wí fún ẹni tí ó ní ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí ó ṣì ń bọ́ gèlè àti bàtà èdè wa sílẹ̀ bí ẹni pé oníbodè wà níbẹ̀?

Ìlú wo ni a tilẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ yìí? Ìlú Tìmì ni. Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, tí ó wà lórí ìtẹ́ láti 1946 títí di 1975, mọ ìlù lù tó bẹ́ẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ fi kan òkè òkun. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń lù ú, ó sì kọ̀wé nípa àwọn ìlù Yorùbá kí àwọn àlejò lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ariwo. Dùndún kò ní *b*, kò ní *k*, kò ní *ṣ*. Ohùn nìkan ni ó ní, ohùn náà sì tó fún ọmọ Ẹdẹ láti mọ̀ pé òun ni a ń kì. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí a ń rí gbà lónìí ní gbogbo lẹ́tà, kò ní ohùn. Ìlù tí a fi awọ ewúrẹ́ ṣe mọ ìyàtọ̀ *má* àti *máa*; ẹ̀rọ tí a fi owó gọbọi rà kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé àwa tí a ní i kò kọ́ ọ.

Ìlú yìí kan náà ni Yunifásítì Redeemer's wà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ ibùdó ACEGID ní Ẹdẹ kópa nínú kíka àkọsílẹ̀ ẹ̀dá kòkòrò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Lẹ́tà ẹ̀dá kòkòrò tí ojú kò rí, ẹgbẹ̀rún lọ́nà bí ọgbọ̀n, a kà á ní Ẹdẹ, a kò sì fo ọ̀kan. Ṣé àmì orí *má* ni ó wá ṣòro fún wa?

Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàdé ní Èkó ní 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa. Àwọn wọ̀nyí kò ní iná mànàmáná, kò sí ẹ̀rọ kan tí ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì ń fi ọwọ́ to lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan ní ilé ìtẹ̀wé. A kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀ràn mìíràn wà tí a kò lè fò, òun sì ni ti àṣírí. Ní ilẹ̀ wa a kì í pariwo àìsàn. Ẹni tí ó bá ṣàìsàn, àwọn tí ó sún mọ́ ọn nìkan ni ó ń mọ orúkọ rẹ̀, aládùúgbò a máa béèrè pé "Ara ńkọ́?", a ó sì dá a lóhùn pé a dúpẹ́. Lẹ́tà ìméèlì tí ó kọ orúkọ àrùn sí orí rẹ̀, tí ó sì yọ sí ojú fóònù tí ó wà lórí tábìlì níwájú àwọn àlejò, ti tú ohun tí ìdílé kan dì. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ilé ìwòsàn kan tí à ń pè ní 56 Dean Street fi lẹ́tà ìròyìn ránṣẹ́ sí ènìyàn bí 780, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tí ó ní kòkòrò HIV. Ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ kó gbogbo àdírẹ́sì wọn sí ibi tí olúkúlùkù ti lè rí ti ẹnì kejì, dípò ibi ìkọ̀kọ̀ tí ẹ̀rọ ń pè ní Bcc. Orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé ọ̀pọ̀ jùlọ sì wà nínú àdírẹ́sì náà. Ìka kan ni ó ṣì tẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a bu owó ìtanràn 180,000 pọ́n-ùn lé àjọ tí ó ni ilé ìwòsàn náà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, níbi tí ẹnì kan lè gbé ogún ọdún láìmọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀, ẹ ro ohun tí yóò jẹ́ ní Ẹdẹ, níbi tí gbogbo wa ti mọ agbo ilé ara wa.

Òfin ilẹ̀ wa kò sì dákẹ́. Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 pàṣẹ pé kí a pa ọ̀rọ̀ aláìsàn mọ́ ní àṣírí. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn ìsọfúnni tí ó nílò ìṣọ́ra jù. Àwọn tí ó ń sọ pé ilé ìwòsàn àwọn kéré, pé kì í ṣe àwọn ni òfin ń bá wí, kí wọ́n lọ kà á.

A mọ̀ pé àwọn àgbà kan wà, a sì bọ̀wọ̀ fún wọn, tí wọn yóò wí pé kí a kúkú pa gbogbo rẹ̀ tì, kí a máa rán ọmọ lọ sí ilé aláìsàn gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará àtijọ́ gan-an kò fi iṣẹ́ rírán mọ́ ẹnu ọmọ nìkan. Wọ́n ní àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀, ẹ̀fà, ń sọ fún ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí pé ọkàn mi fà sí ọ. Ẹ̀jọ, owó ẹyọ mẹ́jọ, ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹni tí ó gbé e lọ kò ní láti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àṣírí wà níbẹ̀, ìkíni wà níbẹ̀, èdè wa sì ni ó gbé gbogbo rẹ̀ dúró, nítorí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè mọ ohun tí ẹ̀fà fi kan fífà. Àwọn baba wa lo ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi èdè ara wọn lò ó. Òun náà ni a ní kí àwọn dókítà wa ṣe.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá wọ ilé ìwòsàn, kí akọ̀wé bi í léèrè èdè tí ó fẹ́ kí a máa fi bá òun sọ̀rọ̀, ọ̀nà tí ó fẹ́ kí a gbà, ìbáà ṣe ìméèlì tàbí ìpè tàbí ohùn, àti ẹni tí ó gbà kí a bá sọ ọ̀rọ̀ òun. Kí ó sì kọ bí wọ́n ti ń pè é nílé sí ìwé, ìbáà jẹ́ Màmá tàbí Alhaja tàbí Olóyè. Kí a má ṣe kọ orúkọ àrùn sínú lẹ́tà. Kí a fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kí a pe ọjọ́ ní orúkọ rẹ̀, Ajé tàbí Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń ṣi Ọjọ́rú kà. Kí ẹni tí ó gba lẹ́tà lè fèsì, kí ènìyàn kan sì wà tí yóò ka èsì náà. Bí ẹ̀rọ ìtumọ̀ bá wà tí ó lè sọ Gẹ̀ẹ́sì di Yorùbá ní ìṣẹ́jú kan, kí ọmọ Yorùbá tí ó mọ̀wé kà á wò kí ó tó jáde, pàápàá níbi tí *má* bá wà. Ó tilẹ̀ dára kí wọ́n fi *má* sílẹ̀ pátápátá nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ "ẹ kò gbọdọ̀", tí kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà bí àmì rẹ̀ tilẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan rèé, tí a ti kọ tí a sì ti kà sí etí àwọn ìyá kan tí wọn kò mọ̀wé, gbogbo wọn ni ó sì yé:

"Màmá, ẹ kú ojúmọ́, ṣé àlàáfíà ni? Àwa olùtọ́jú yín ni. Ọ̀la, Ọjọ́rú, ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ni ọjọ́ àdéhùn wa. Láti ìgbà tí ẹ bá ti sùn lálẹ́ òní, ẹ kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun títí a ó fi rí yín. Ẹ lè mu omi. Ẹ mú káàdì yín dání. Bí ọ̀la kò bá rọrùn fún yín, ẹ fèsì tàbí kí ẹ pè wá, a ó dá ọjọ́ mìíràn. Ẹ kí àwọn ará ilé."

Ní ti ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ̀yin ni ìlú ń gbọ́ tiyín. Púpọ̀ nínú yín ni àwọn dókítà wọ̀nyí ń wá kí ní ọjọ́ ọdún, tí ẹ sì ń bá wọn ṣí ilé tuntun. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá pè yín láti wá gé rìbọ́ọ̀nù, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gé e, kí wọ́n fi lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí àwọn ènìyàn yín hàn yín. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè Yorùbá ní àwọn ilé ìwé wa, ẹ yọ̀ǹda wákàtí kan lọ́sẹ̀ láti bá ilé ìwòsàn tí ó bá sún mọ́ yín tún lẹ́tà wọn kà. Ẹgbẹ́ wa ti múra láti kọ irú àpẹẹrẹ tí ó wà lókè yìí fún abẹ́rẹ́ ọmọ, fún aboyún, fún ẹ̀jẹ̀ ríru, fún ojú àti fún eyín, pẹ̀lú àmì pípé, láìgba owó. Ilé ìwòsàn tí ó bá ń fẹ́ ẹ, kí ó kọ̀wé sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí oṣù yìí tó parí, kí ó sì sọ irú àdéhùn tí ó ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe. A ó tẹ àwọn tí ó bá ti parí sínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù tí ń bọ̀.